Oṣù Mẹ́rìnlá Tí A Fi Ń Retí Kí Àkànní Pe Baba

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló bẹ̀rẹ̀. Àkànní ọmọ mi ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́wàá nígbà náà, ẹnu rẹ̀ sì ti là tipẹ́. Tó bá ti jí láàárọ̀, ọ̀rọ̀ ni títí oorun á fi gbé e lọ. Mo ń ka òfì fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìsẹ́yìn nígbà tó sáré wọlé láti ìdí òfì bàbá rẹ̀, ó ní, "Mà-mà-mà-mà-màámi, ẹ wá wò ó!" Oníbàárà yẹn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní eré tó sá ló jẹ́ kó máa mí hẹlẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ tí kò ní tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ geere látẹ̀yìnwá ni o. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tó ṣe é, mo ń ro bóyá ó ṣubú níbi tí mi ò sí. Ẹ̀yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Láàárín ọdún méjì sí márùn-ún ni ìkólòlò máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ, lásìkò tí ọ̀rọ̀ ń ya wọ inú orí wọn tí ẹnu ò tíì lè bá a sáré. Ó lè rọra wọlé, ó sì lè dé láàárín ọjọ́ mélòó kan sára ọmọ tí kò kólòlò rí. Kò sí ohun tí ìyá ọmọ ṣe. Wọ́n ní Àkànní ń sín Bàbá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, jẹ ni. Kò sín ẹnikẹ́ni jẹ.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní òògùn tirẹ̀. Ìyá kan tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n bu omi sínú agogo kí n fún un mu. Mo bù ú, ó mu ún. Ẹlòmíràn ní tó bá ti há, kí n gbá a lẹ́nu lójijì, pé ìbẹ̀rù á ti ọ̀rọ̀ náà jáde. Ìyẹn ni mi ò ṣe, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó ni ti ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní, "Ìyá Àdùkẹ́, fi ọmọ sílẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Bàbá ẹ̀ náà kólòlò ní kékeré, ta ló gbé e lọ síbì kankan? Ṣé kì í sọ̀rọ̀ lónìí ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọkọ mi kólòlò títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún, ó fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì padà sídìí ẹ̀ mọ́. Ọmọ tiwọn mìíràn ni Màmá ò kà mọ́ ọn. Bàbá Ìbejì ti lé lẹ́ni ọdún márùnlélógójì, wọ́n sì ṣì ń kólòlò.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, mo gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan nítòsí. Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ ò tilẹ̀ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní á fi sílẹ̀ tó bá dàgbà díẹ̀ sí i. Ó tún ní kí n má jẹ́ kó mọ̀ pé mo gbọ́, torí tí ọmọ bá ti mọ̀ pé òun ń kólòlò, ó ti di bárakú nìyẹn. Mo dúpẹ́, mo gbé ọmọ mi, mo padà sílé.

Bó ṣe di èèwọ̀ nínú ilé wa nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá há sí Àkànní lẹ́nu, Àdùkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sáré bá a parí ẹ̀, bàbá rẹ̀ á da òwú rú bí ẹni tí nǹkan já lọ́wọ́ ẹ̀, èmi á wolẹ̀. Mo rò pé mo ń bo ọmọ mi láṣírí ni. Nígbà tó yá mo ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ tí mo máa ń wò yẹn ni òun náà ti ń wò. Tó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ gbójú kúrò lójú mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó ń kólòlò, àmọ́ gbogbo wa la ti sọ fún un pé ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò ṣeé wò.

Mo ti kà nípa ibi tí ìmọ̀ràn "ẹ má jẹ́ kó mọ̀" yẹn ti rí ẹsẹ̀ dúró. Ọ̀mọ̀wé kan wà ní yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, Wendell Johnson, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akólòlò. Ó gbà pé etí òbí ni ìkólòlò ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọmọ, pé tí òbí bá pe ọmọ ní akólòlò ni ọmọ ṣe ń dà á. Ní 1939, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan lọ dán èrò yẹn wò lára ọmọ 22 ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Wọ́n ń sọ fún àwọn kan nínú wọn, tí ọ̀rọ̀ wọn dán, pé wọ́n ń kólòlò. Ìyẹn ò sọ wọ́n di akólòlò. Ṣùgbọ́n ó sọ àwọn kan nínú wọn di ẹni tí ń sá fún ọ̀rọ̀, tí ojú ń tì láàárín ẹgbẹ́. Ọdún 2001 ni yunifásítì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì. Nígbà tí mo ka èyí, mo sunkún fún àwọn ọmọ yẹn. Inú tún bí mi. Èrò tí kò rí ẹ̀rí gbà lójú ara rẹ̀ ló rìn láti ibẹ̀ dé Ìsẹ́yìn tó wá pa wá lẹ́nu mọ́.

Ó wọ iléèwé, ọ̀rọ̀ sì tún yí. Olùkọ́ rẹ̀ pè mí, ó ní èdè méjì ló ń da ọmọ náà lọ́kàn rú, ká pa Yorùbá tì nílé, ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. A gbà. Ọkọ mi tí kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnikẹ́ni nídìí òfì wá ń wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó gbé ọ̀kọ̀ wá. Ìyá ọkọ mi tó máa ń kì í láràárọ̀ dákẹ́. Oṣù méjì la fi ṣe é. Ìkólòlò náà ò dín rárá, ọ̀rọ̀ ló dín. Mi ò rí ìwádìí kankan tó sọ pé èdè ilé ló ń fa ìkólòlò tàbí pé pípa á tì ló ń wò ó sàn, ó sì ń dùn mí púpọ̀ pé ibẹ̀ la kọ́kọ́ sáré lọ, bí ẹni pé Yorùbá ni àìsàn tó ń ṣe ọmọ wa.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́ òdì rẹ̀. Tí Màmá bá ń kì í tí òun náà ń bá wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í há. Ní ilé-kéwú, Alfa sọ fún mi pé àwọn ò mọ̀ pé ọmọ náà ń kólòlò, torí tí gbogbo wọn bá ń ké e pa pọ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ tààrà. Ó tún ń kọrin láìsí ìdádúró. Mo wá fi ṣe ẹ̀rí mú un. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé o wá rí i, o lè sọ ọ́ dáadáa tó o bá fẹ́." Ó wò mí. Mo ṣì rí ojú yẹn. Akólòlò tó bá ń kọrin, tàbí tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn, kì í sábà há. Bí ọpọlọ ṣe ń to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹnu ni, kò kan agídí, kò kan ìfẹ́ inú.

Ọdún Iléyá ló là wá lójú. Bàbá Ìbejì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, a jókòó yí ká ẹran. Àkànní fẹ́ ròyìn àgbò wa fún wọn, bó ṣe já okùn lóru tó sì wọ ilé onílé. Ó la ẹnu láti pe "àgbò". Ohùn ò jáde. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó di ojú pinpin, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ó wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi lu ilẹ̀ gbì, gbì. Lẹ́ẹ̀kejì ni "àgbò" já jáde. Àwọn ọmọ àdúgbò rẹ́rìn-ín. Ó dẹ́kun ìròyìn náà síbẹ̀, ó ní òun ò rántí mọ́.

Bàbá Ìbejì gbé ẹran ọwọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n pe èmi àti ọkọ mi lọ sẹ́yìnkùlé. "Ẹ-ẹ-ẹsẹ̀ yẹn," wọ́n ní, "ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn?" A ò lè dáhùn, torí a ti fi wíwolẹ̀ pa ojú wa dé. Wọ́n wá fi ọwọ́ lé itan ara wọn. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn ni mo ti ń rí i pé wọ́n máa ń gbá itan tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, àṣà wọn ni mo pè é. "Itan ni tèmi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ló há, mo gbá itan, ó jáde, mo ní mo ti rí òògùn ẹ̀. Nígbà tó yá, gbígbá náà ò ṣiṣẹ́ mọ́, mi ò sì lè fi sílẹ̀ mọ́." Ó pẹ́ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkọ mi rántí òwe Màmá, ó fẹ́ fi tù wọ́n nínú. Bàbá Ìbejì ní, "Mo p-p-pe baba lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ohun tí ojú mi rí kí n tó pè é."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ láti iléèwé pé tí wọ́n bá bi Àkànní lórúkọ, kì í sọ pé Bàsírù. "Àkànní" ló máa ń sọ. Olùkọ́ rò pé kò mọ orúkọ rẹ̀ tó wà nínú rẹ́jísítà ni. Ó mọ̀ ọ́n. "B" yẹn ni kò fẹ́ dé ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń fo orúkọ ara rẹ̀.

A gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Túsìdeè kan, sí ilé ìwòsàn ìjọba kan, ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, ó ń gbọ́ dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti darí wa sọ́dọ̀ speech therapist, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí Àkànní sọ ní Antí Ọ̀rọ̀. Ìyàlẹ́nu ni pé níwájú Antí yìí, ọ̀rọ̀ Àkànní dán bí awo. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, mo ní wọ́n á rò pé irọ́ ni mò ń pa. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì ti ní ká gbà á sínú fóònù. Mo fi fídíò mẹ́ta hàn wọ́n, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má lọ láìsí fídíò. Ìkólòlò ọmọdé ń lọ ó ń bọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e lọ gan-an lè jẹ́ ọjọ́ tó máa ń fara pa mọ́.

Ìbéèrè tí wọ́n bi wá ló kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n ti máa wò láti ọjọ́ yìí wá. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Oṣù mẹ́rìnlá. Ṣé ọkùnrin ni? Torí ọkùnrin ni kì í tètè fi sílẹ̀. Láàárín àgbàlagbà, akólòlò ọkùnrin tó ìlọ́po mẹ́rin obìnrin. Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí? Mo dárúkọ ọkọ mi tó fi sílẹ̀, wọ́n ní ó dáa. Mo dárúkọ Bàbá Ìbejì tí kò fi sílẹ̀, bírò wọn dúró. Ó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní. Ní 2015, àwọn onímọ̀ rí ọ̀kan nínú àwọn jíìnì, ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó wà nídìí rẹ̀ lára ẹbí ńlá kan ní Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n béèrè bó ṣe ń kólòlò, kì í ṣe iye ìgbà nìkan. Èmi ò mọ̀ pé ó ní oríṣi. Ní oṣù kìíní, ó kàn ń tún un pè ni, "mà-mà-mà", ara rẹ̀ balẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ní bí oṣù kẹjọ, ó ti ń fa á, "mmmmmo fẹ́". Nígbà tó máa fi di Iléyá, ohùn ti ń dí pátápátá. Mo rò ó lójú wọn níbẹ̀, mo wá rí i pé ọmọ mi ti ń gun àtẹ̀gùn kan láti ọdún tó kọjá, èmi ń ka oṣù.

Mo bi wọ́n pé ṣé kò ní fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ. Wọn ò tàn mí. Wọ́n ní nínú ọmọ 100, bíi 5 ló máa ń kólòlò ní kékeré, tí wọ́n bá dàgbà, bíi 1 ló kù. Èyí tó pọ̀ jù ń fi sílẹ̀ lóòótọ́, pàápàá láàárín ọdún kan àkọ́kọ́ sí méjì. Màmá ò parọ́, nọ́ọ̀sì ò parọ́. "Àmọ́ kò sí ẹni tó lè na ìka sí ọmọ kan pé ìwọ lo máa fi sílẹ̀," wọ́n ní. "Ohun tá a lè ṣe ni ká wo ohun tó ń tẹ òṣùwọ̀n sí apá kan." Ti Àkànní ti tẹ̀ sí apá kan. Ó jẹ́ ọkùnrin, ẹbí rẹ̀ ní ẹni tí kò fi sílẹ̀, ó ti kọjá ọdún kan, kò dín, ó ń le sí i, ara rẹ̀ ń bá a jà, ó sì ti ń sá fún ọ̀rọ̀. Ẹyọ kan nínú ìwọ̀nyí lè má tó nǹkan. Gbogbo wọn ló wà lára ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni mo máa ń sọ fún gbogbo ìyá tó bá bi mí. Wọ́n ní kí á gbé ọmọ wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kí á bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ká ní mo wá lóṣù kẹta, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wò ó, kí wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ní kí n máa lọ, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìdúró náà là bá jọ dúró. Èmi rò pé ohun méjì péré ló wà, kí n gbàgbé ẹ̀ tàbí kí n sọ ọmọ mi di aláìsàn. Fún ẹ̀rù èyí kejì ni mo ṣe di èkíní mú fún oṣù mẹ́rìnlá.

Ìtọ́jú náà kì í ṣe òògùn, kò sí oògùn tí wọ́n fún un. Orúkọ rẹ̀ ni Lidcombe, orúkọ àdúgbò kan ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà níbi tó ti ṣẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ni wọ́n ṣe é, òbí ló sì ń ṣe é nílé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, èmi àti Àkànní nìkan, a ó máa ka àwọ̀ òwú tàbí ká máa wo àwòrán. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dán, mo ní, "Ìyẹn dán!" Bẹ́ẹ̀ péré, láìgbé e gẹ̀gẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa rọra sọ pé, "Èyí há díẹ̀, ṣé ká tún un sọ?" Lálaalẹ́, mo máa fún ọjọ́ náà ní máàkì láti 0 dé 9, 0 fún ọjọ́ tí kò há rárá. Inú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà ni mo ń kọ ọ́ sí. Ojú ewé àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi: 7, 7, 6, 8, 7.

Oṣù kìíní le. Mo ń yìn ín láti àárọ̀ dalẹ́, ó sú u, ó ní, "Màámi, ẹ má sọ ọ́ mọ́." Antí Ọ̀rọ̀ ní kí n dín in kù, pé ìyìn tó bá pọ̀ jù kì í ṣe ìyìn mọ́. Owó ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, nígbà tó yá wọ́n gbà kí á máa ṣe é lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ kan, ká wá lọ́sẹ̀ kejì. Ohun tó kọ́kọ́ yí padà kì í ṣe máàkì. Ojú ló kọ́kọ́ yí. Antí ní tó bá há, ká wo ojú rẹ̀, ká dúró, kí Àdùkẹ́ má bá a parí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń há, ó sì ń wò mí. Wọ́n tún ní ká padà sí Yorùbá wa. Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ oríkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an, wọn ò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán.

Bí oṣù karùn-ún, ìwé gbèsè yẹn kún fún 1 àti 2. Ẹsẹ̀ ti dúró. Kì í ṣe pé ó parí bí ẹni pa iná. Tí ibà bá ń ṣe é, tàbí tí ọdún bá ku ọ̀la, ó máa ń yọjú, a mọ̀ ọ́n, a ò sì wolẹ̀ fún un mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ṣe irú ìtọ́jú yìí tí ó kù síbẹ̀. Ká ní tiwa kù síbẹ̀, èmi á ṣì ní a ṣe dáadáa pé a lọ, nítorí ojú yẹn.

Àwọn ìyá máa ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, wọ́n á ra aṣọ tàbí kí wọ́n má rà, wọ́n á ní, "Ìyá Àdùkẹ́, ọmọ tèmi náà." Mo máa ń bi wọ́n pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì rántí. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Tí ọmọ bá kàn ń tún un pè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó ń ṣeré lọ, tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí kò sí akólòlò àgbà nínú ẹbí, ẹ lè fara balẹ̀, kí ẹ máa gba fídíò lóṣooṣù, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Tó bá ń fà á, tó ń dí, tó ń di ojú, tó ń fi apá tàbí ẹsẹ̀ ti ọ̀rọ̀, tó ń yí ọ̀rọ̀ padà, tó ní "ẹ má ṣèyọnu" nígbà tí ẹ mọ̀ pé ó ní nǹkan láti sọ, ẹ má ka oṣù fún ìyẹn. Ẹ wá ẹni tó máa wò ó, kódà kó jẹ́ oṣù kejì. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa fi sílẹ̀. Àmọ́ ó ń jìyà lónìí.

Àkànní ti pé ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, Bàbá Ìbejì mú àlejò kan wá, wọ́n sì fẹ́ fi ọmọ náà hàn án. Wọ́n ní, "Ọmọ wa rèé, B-b-b..." Ọwọ́ wọn ti ń lọ sí itan. Àkànní dúró níwájú wọn, ó gbójú sókè, ó ń wo ẹnu wọn. Orúkọ ara rẹ̀ ni, ó sì mọ̀ ọ́n. Kò bá wọn parí ẹ̀. Ó dúró títí Bàbá Ìbejì fi pe Bàsírù tán, ó wá dọ̀bálẹ̀ kí àlejò.